Ọmọ Tó Ń Gba Ipò Kẹta

Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí nílé mi ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin lóṣù tó kọjá, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà náà. (Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara ni mo ń wí, kì í ṣe ti Adó.) Obìnrin kan ló mú ọmọ rẹ̀ wá, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tíńrín bí ẹsẹ̀ lékeléke. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ kí mi. Ìyá ní, "Ẹ kú ilé o, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló gbé wa wá. Ó gba ipò kìíní nínú eré 800 mítà níléèwé wọn, ni ọkùnrin kan bá ti ìlú ńlá wá, ó ní kí n jẹ́ kí òun mú un lọ sí Jos, níbi tí àwọn eléré ìje ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ní kó fi ìwé sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa eré, Tíṣà. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé nǹkan gidi wà lára ọmọ yìí ni, àbí ẹ̀tàn ni?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré, ẹni tó bá ti fọn fèrè lórí pápá rí, Tíṣà Eré ni wọn yóò máa pè é títí wọn yóò fi sin ín. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá ọmọ wò mí bíi pé owó ni mo fẹ́ gbà. Owó kọ́ o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí rí, ní ìlú yìí kan náà, mo sì dáhùn kíákíá.

Kí n tó sọ ohun tí mo fi dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí ìgboyà bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kìíní ọdún 1973 ni. Mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Mushin, l'Ékòó, ọmọ ogún ọdún ni mí. Eré Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ń lọ lọ́wọ́ ní pápá ìṣeré ńlá tí ìjọba Gowon kọ́ sí Súrùlérè. N kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì, mo bá àwọn ará àdúgbò gbọ́ ọ lórí rédíò ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Nínú eré 1,500 mítà, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń retí: Kipchoge Keino, ọmọ Kẹ́ńyà. Ta ni kò mọ Keino nígbà náà? Ó gba wúrà ní eré Òlíńpíìkì Mexico City lọ́dún 1968, ó fi Jim Ryun ọmọ Amẹ́ríkà sílẹ̀ lẹ́yìn réré. Ní Munich lọ́dún 1972, ó tún gba wúrà nínú eré 3,000 mítà tí wọ́n ti ń fo igi àti kòtò omi, ó sì gba fàdákà nínú 1,500 mítà. Ọ̀gá ni.

Eré parí, rédíò pe orúkọ ẹlòmíràn. Filbert Bayi, ọmọ Tanzania, ọlọ́dún mọ́kàndínlógún. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 àti díẹ̀. Keino ló ṣe ìkejì. Télọ̀ náà dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì rẹ̀, ó ní, "Ta ni wọ́n ní ó gbà á?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà sì nìyẹn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà náà, Bayi wà ní Munich pẹ̀lú Keino yìí kan náà. Eré méjì ló bá wọn sá níbẹ̀, 1,500 mítà àti ti igi òun omi. Nínú méjèèjì, ìpele àkọ́kọ́ ló ti já. Kóòṣì tó bá wo èsì Munich nìkan, yóò ní kí ọmọ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun tó ń ṣe ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, kó má dààmú ara rẹ̀. Ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kejì ọdún 1974, ní Christchurch, ilẹ̀ New Zealand, nínú eré àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọ́ńwẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sá 400 mítà àkọ́kọ́ láì pé ìṣẹ́jú-àáyá 55, irú eré tí àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń sọ pé yóò pa ẹni tó bá sá a. Kò pa á. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32.2, àkọsílẹ̀ ayé tuntun. John Walker tó ṣe ìkejì pàápàá sáré ju àkọsílẹ̀ àtijọ́ lọ. Ọwọ́ Jim Ryun ni àkọsílẹ̀ náà ti wà láti 1967. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1975, ní Kingston, ilẹ̀ Jàmáíkà, Bayi tún gba ti máìlì kan lọ́wọ́ Ryun, ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá jù ú lọ.

Ẹ̀kọ́ wo ni èmi kọ́ nínú rẹ̀? Ẹ̀kọ́ òdì ni. Mo wí fún ara mi pé ọmọ tí yóò di ẹni ńlá, kíá ni èèyàn máa ń mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọmọdé ni, ó sì ń na àgbà. N kò rántí Munich rárá. Oṣù mẹ́rin tó wà láàárín Munich àti Súrùlérè, níbi tí gbogbo ìtàn náà wà, mo fò ó kọjá.

Lọ́dún 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní UPE. Wọ́n ń wá olùkọ́ bí ẹni ń wá omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí Grade Two wà lọ́wọ́ mi, mo padà sílé, wọ́n sì gbé pápá eré lé mi lọ́wọ́ nítorí pé èmi nìkan ni mo kéré tó láti máa sáré tẹ̀lé àwọn ọmọ. Nígbà náà, ọmọ tó ti ń hu irungbọ̀n lè wà ní kíláàsì kẹfà, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú wọn ni ọmọ tí mo fẹ́ sọ. Àyà rẹ̀ fẹ̀, iṣan itan rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ ti là. Bí a bá sá 800 mítà lórí pápá tí mo fi okùn wọ̀n, yóò ti dé, yóò ti mu omi, kí ìyókù tó dé. Mo sọ ọ́ ní Bayi. Gbogbo ìlú gba orúkọ náà, kódà ìyá rẹ̀. Lọ́dún 1980, bàbá rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, àgbẹ̀ kòkó ni, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹnì kan ní kí n mú ọmọ yìí lọ sí Ìlọrin, kó lọ máa kọ́ eré. Ṣé kí n náwó sí i?" Mo ní kó náwó sí i. Mo ní tí kò bá náwó sí i, yóò kábàámọ̀.

Ó ta kòkó ọdún náà, ó fi ọmọ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ ṣì ń sá iye tó ń sá nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó kéré sí i tẹ́lẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ń kọjá lára rẹ̀. Ó padà wálé, ojú tì í láti tún bá àwọn ọmọdé jókòó ní kíláàsì. Bàbá rẹ̀ kò bá mi jà. Ó sàn kó bá mi jà. Títí ó fi kú, bí mo bá kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà" ni yóò dá mi lóhùn, kò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo ń kà nípa eré, ni mo tó mọ̀ ọ́n. Eré 100 mítà yàtọ̀, agbára ojú ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú eré 800 mítà, ó ju ìdajì agbára náà lọ tó ń ti inú èémí wá. Nínú 1,500 mítà, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń gbó. Ọmọ tí ara rẹ̀ tètè gbó ń fi ara àgbà bá ọmọdé sáré ni. Kì í ṣe pé kò ní ẹ̀bùn o. Ọjọ́ iwájú rẹ̀ ló ti ná sílẹ̀, èmi sì rò pé owó tó wà nílẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí àṣà dídín ọjọ́ orí kù, tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù", fi ń ba eré ìje jẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Kóòṣì ni irọ́ náà kọ́kọ́ ń tàn jẹ.

Jim Ryun fúnra rẹ̀, ẹni tí Keino àti Bayi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo bí tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Wichita ní Kansas ni. Kí ó tó wọ iléèwé girama, ẹgbẹ́ eré tó bá fẹ́ wọ̀, wọn yóò yọ ọ́ kúrò. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn pàápàá yọ ọ́. Lọ́dún 1962, máìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n kà fún un gbà á ní ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 38. Ọmọ Ararọ̀mí tó bá lọ rọ àgbàdo wá lè sá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kóòṣì wọn, Bob Timmons, kò wo iye tó sá, ó wo bí iye náà ṣe ń já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ náà pé ó lè jẹ́ ọmọ iléèwé girama àkọ́kọ́ tí yóò sá máìlì láì pé ìṣẹ́jú 4. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1964, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sá a ní 3:59.0. Ipò kẹjọ ló gbà lọ́jọ́ náà o! Ẹni tó bá ń ka ipò nìkan yóò ti lọ sílé.

Ti obìnrin ńkọ́? Maria Mutola, ọmọ Maputo ní Mozambique, bọ́ọ̀lù ló ń gbá láàárín àwọn ọkùnrin. José Craveirinha, akéwì ńlá orílẹ̀-èdè náà, ló rí i tó ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí pápá eré ìje. Lọ́dún 1988 kan náà, wọ́n ti mú un lọ sí Òlíńpíìkì Seoul, kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìpele àkọ́kọ́ ló ti já, gẹ́gẹ́ bíi Bayi. Ọdún méjìlá ló kọjá kó tó gba wúrà 800 mítà ní Sydney, lọ́dún 2000. Ọdún méjìlá! Nínú wa, ta ló lè dúró ọdún méjìlá de ọmọ tó já ní ìpele àkọ́kọ́? Ẹ wo àmì ẹ̀yẹ Nàìjíríà nínú eré ìje Òlíńpíìkì: eré kúkúrú, eré ìfi-ọ̀pá-lé-ara-ẹni-lọ́wọ́, fífò. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo láti inú 800 tàbí 1,500 mítà. Àwọn kan ń sọ pé ara wa kò gbà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú wa ni kò gbà á. Ẹni tó bá borí lónìí lojú wa mọ̀ ọ́n rí.

Ẹnì kan tún wà tí ìtàn rẹ̀ ń ta mí létí, torí pé olùkọ́ bíi tèmi ni. Lọ́dún 1976, ọdún tí mo dé kíláàsì ní Ararọ̀mí, arákùnrin ẹlẹ́sìn ìjọ Kátólíìkì kan láti Ireland, Colm O'Connell, dé iléèwé St Patrick's ní Iten, ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ló wá kọ́ àwọn ọmọ. Kò mọ nǹkan kan nípa eré ìje. Ohun tó ṣe ni pé ó ń wò, ó sì ń dúró. Ọmọ iléèwé náà, Peter Rono, gba wúrà 1,500 mítà ní Seoul lọ́dún 1988. Nígbà tí David Rudisha dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, 400 mítà lọmọ náà ń sá. Ọkùnrin yìí ló ní kó wo 800. Lọ́dún 2012, ní London, Rudisha sá 800 mítà ní 1:40.91, ẹnì kankan kò sá irú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé Iten ga ju 2,000 mítà lọ sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ó ń kọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró níṣẹ́. Jos náà ga díẹ̀, ó lé ní 1,000 mítà, mi ò bá ọkùnrin tó fẹ́ mú ọmọ lọ jiyàn lórí ìyẹn. Àwọn òkè wa nílé kò sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òkè kọ́ ló ń kọ iye sínú ìwé.

Ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìwé.

Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo ń palẹ̀ àpótí mọ́, mo rí ìwé àjákọ tí mo fi ń kọ èsì eré sílẹ̀ ní 1979 àti 1980. Aago tí mo yá lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ọ̀sì ni mo fi ń kà á, èyí tí à ń tẹ̀ lórí. Mo wá orúkọ "Bayi" mi. Sáà mẹ́rin: 2:19, 2:18, 2:19, 2:18. Ó dúró gbọin bí òpó. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ ọmọ kan wà tó máa ń gba ipò kẹta, nígbà mìíràn ìkẹrin. Ọmọ tíńrín, ó kúrú, oko jíjìn ló ti ń rìn wá síléèwé. Sáà mẹ́rin kan náà: 2:44, 2:37, 2:31, 2:25.

Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́, n kò kà á lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà jáde kíláàsì kẹfà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ara rẹ̀ sì wá ga nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ogún ọdún, ó ga ju gbogbo wọn lọ. Kò tún sáré mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ó lè sáré. Mi ò sọ pé yóò ti di Bayi gidi o, ta ló mọ̀? Bayi gidi pàápàá, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ dí i lọ́nà. Lọ́dún 1976, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ láti kópa ní Montreal nítorí pé New Zealand lọ gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì ní South Africa àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Òun àti Walker kò pàdé, Walker gba wúrà 1,500 mítà. Fàdákà Moscow lọ́dún 1980, nínú eré igi òun omi, ni Òlíńpíìkì fi san án. Lẹ́yìn rẹ̀, òun náà dá iléèwé sílẹ̀ ní Tanzania. Mo fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀.

Ọmọ tó ń gba ipò kẹta ti dolóògbé báyìí. Obìnrin tó wá kúnlẹ̀ sílé mi lóṣù tó kọjá, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni.

Ìdí tí mo fi béèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni mo ń jókòó lórí àga lẹ́bàá ọ̀nà, níbi kan tó tẹ́jú tí ọ̀kadà kì í pọ̀. Ọmọkùnrin kan bá mi fi tẹ́ẹ̀pù wọn 400 mítà, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 800. Ibì kan náà ni, wákàtí kan náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sá 2:41. Àlọ jẹ́ 1:12, àbọ̀ jẹ́ 1:29. Ó ná gbogbo agbára rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni gba owó oṣù. N kò bá a wí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, mo tún kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, mo kọ ọ́. Mo bi í pé kí ló jẹ lánàá. Gàrí ni. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ẹ̀wà àti ẹyin máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tún pe ìyá sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kó mọ̀ pé bí ara ọmọbìnrin bá ń yí padà ní ọjọ́ orí yìí, eré rẹ̀ lè dúró lójú kan fún ọdún kan tàbí méjì, nígbà mìíràn ó lè rẹ̀yìn. Ìgbà náà gan-an ni àwọn kan máa ń lé wọn dànù. Kí ẹnikẹ́ni má lé e dànù.

Ọ̀sẹ̀ kejì, 2:40. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 2:36. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyẹn Sátidé tó kọjá, 2:33, àlọ 1:15, àbọ̀ 1:18. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pín agbára. Ó rí i fúnra rẹ̀.

Mo ti sọ ohun tí mo rò fún ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù. Ọmọ kò ní lọ sí Jos báyìí. Yóò parí ìwé girama rẹ̀. Tí ọkùnrin náà bá fẹ́ràn rẹ̀ dénú, kó wá mú un nígbà ìsinmi, kí ìyá bá wọn lọ, kó sì dá a padà kí iléèwé tó wọlé. Tó bá bínú, kó máa bínú. Ìyá ní, "Ṣùgbọ́n Tíṣà, ṣé ó lè sáré?" Mo ní n kò tíì mọ̀, àmọ́ ó ń já wálẹ̀.

Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ eré sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọlé, mo mú ìwé 1979 jáde, mo ṣí i síbi orúkọ bàbá rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó kà á, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya àwòrán ojú ìwé náà, ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan kan.